Ọkọ̀ Eré-Ìje Mẹ́fà Bàbá Wa

Òórùn ọ̀dà tútù ló gba gbogbo ilé wa ní Surulere ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ sin bàbá wa. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹbí kì í sin òkú àgbà láìkọ́kọ́ kun ilé. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni, èmi àkọ́bí sì ti lé lógún ọdún díẹ̀. Wọ́n kun ògiri, wọ́n kun géètì, wọ́n tún àga pálọ̀ rán. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni mò ń ṣe. Mi ò tíì sunkún rárá. Ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí. Àwọn ẹbí ń yìn mí pé mo lọ́kàn. Èmi mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní pálọ̀ ni ọkọ̀ mẹ́fà kan wà tí bàbá wa rà nígbà tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nílùú òyìnbó. Ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ṣe bí ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ ni wọ́n, onírin, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìrísí kan náà ni gbogbo wọn. Àwọ̀ àti nọ́ńbà la fi ń mọ̀ wọ́n. Bàbá wa máa ń ṣàlàyé pé láyé ọjọ́un, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀ nínú eré-ìje ọkọ̀: pupa ni ti Ítálì, àwọ̀ ewé ni ti Gẹ̀ẹ́sì, búlúù ni ti Faransé. Àràárọ̀ Sátidé ni bàbá wa àti àbúrò mi ọkùnrin máa ń kó wọn jáde nù. Nígbà kan, pupa já bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì bó. Bàbá wa fi orí igi ìṣáná tí wọ́n tì bọ ọ̀dà kọ méje tuntun sí i. Ó wọ́. Àbúrò mi fẹ́ràn méje wíwọ́ yẹn ju gbogbo ohun tó wà nínú ilé lọ.

Ìyá wa ní kí n bójú tó kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wo àwọn ọkọ̀ náà, ọ̀dà wọn ti bó káàkiri, mo sì ní àlejò ò gbọdọ̀ bá ẹrù bàbá mi báyìí. Mo kó wọn sínú páálí bàtà, ó di Mushin, lọ́dọ̀ péńtà ọkọ̀ kan tó mọṣẹ́. Ọ̀dà yẹ́lò ló ń fín sára takisí kan. Ó bi mí pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́. Mo ní èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ti tó.

“Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀,” ló wí. “Mo máa kọ́kọ́ fi sáńpépà họ gbogbo ti àtijọ́ kúrò, kí tuntun lè mú un dáadáa.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kàdúná ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó bá rélùwéè dé Ìdó ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú. Nígbà tí ìyá wa bi í pé kí ló fẹ́ nínú ẹrù bàbá rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ aṣọ, òun ò fẹ́ aago, ọkọ̀ pupa yẹn nìkan ni kí wọ́n fún òun. Ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń retí kó yìn mí. Yẹ́lò mẹ́fà ló tò síbẹ̀, tí wọ́n ń dán.

Ó yíjú sí mi. “Àǹtí mi, èwo ni pupa nínú wọn?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó mú ọ̀kan, ó fi èékánná họ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin lásán ló yọ. Ó họ ìkejì, ó họ ìkẹta. Mo wá sọ fún un ohun tí péńtà ṣe. Ó rọra dá wọn padà.

“Ẹ ṣeun,” ló wí. “Wọ́n dán.”

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ẹ ṣeun yẹn ló jí mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, mo sì sunkún bàbá mi fún ìgbà àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn ló yé mi pé ipa ọwọ́ bàbá wa tó kù nínú ilé ni mo lọ pa rẹ́, tí mo tún dúpẹ́ lé e.

Àbúrò mi ṣáà mú ọ̀kan lọ. Márùn-ún kù sọ́dọ̀ mi títí dòní. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa bóyá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pupa wà tàbí ọ̀dọ̀ mi. Nítorí náà, bí Sátidé bá ti mọ́, márààrún ni mò ń nù, mo sì máa ń nu ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi pé òun ni.