Orin Japan Lẹ́yìnkùlé Ìyá Mi

Ẹjọ́ ni mo bá lọ. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìfẹ́ orin ló gbé mi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan gba yàrá tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìdó-Èkìtì, kò sì sí àárọ̀ Sátidé tó ń fọṣọ tí kì í yí orin kan sókè. Mo ti to ẹjọ́ mi kí n tó jáde. Àkọ́kọ́, ẹnìkan kì í fi orin dí etí onílé láìtọrọ gáfárà. Ìkejì, orin kan náà ni, bó ti ń parí ló tún ń bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta, ohùn ẹkún ló wà nínú rẹ̀, ilé wa kò sì nílò ẹkún.

Àdúgbò mọ̀ mí. Èmi ni mo lọ bá pásítọ̀ tó kọjú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí fèrèsé wa, èmi náà ni mo ní kí ẹni tó da yanrìn sójú gọ́tà padà wá kó o. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì yìí rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Áà, Àǹtí ẹlẹ́jọ́ ti dé! Kí ni mo ṣẹ̀ lónìí, mà? Àbí ọṣẹ mi ló ń hó jù?"

Mo la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́. Nǹkan mìíràn ló jáde.

"Èdè wo ni orin yìí?"

"Ti Japan ni, mà."

"O gbọ́ èdè Japan?"

"Èmi kẹ̀? Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mi ò gbọ́ níbẹ̀."

"Kí ló dé tó o wá ń gbọ́ ọ ṣáá?"

Ó fún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, omi funfun kán sílẹ̀. "Àǹtí, ní wọ́ọ̀dù, gbogbo ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ ló fẹ́ kí n ṣe nǹkan. Nọ́ọ̀sì, wá gbé mi. Nọ́ọ̀sì, pe dókítà. Nọ́ọ̀sì, sọ fún mi pé kò ní kú. Ẹni tó ń kọ èyí ò bẹ̀ mí ní nǹkankan."

Mo yí padà láti máa lọ, inú sì ń bí mi pé ìdáhùn náà mọ́gbọ́n dání. Ìgbà yẹn ni mo rí ìyá mi. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ̀wà tó ń ṣà wà lórí itan rẹ̀ nínú ọpọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì ti dúró. Ojú rẹ̀ kò sí lára ẹ̀wà. Orin ló ń gbọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin kú ní ọdún tó ṣáájú. Ọ̀kadà ló gùn, ọkọ̀ kan sì gbá wọn lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ. Wọn kì í jẹ́ kó bá wọn débi isà, wọn kì í sì í fi ojú oórì hàn án. Bàbá mi ti dolóògbé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé òkú lọ sí Ìgbólé, ìlú bàbá wa, wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ìyá mi kò gbọdọ̀ gbọ́ ibi tí oórì wà lẹ́nu wa. Wọ́n tún ní kí ìyá mi má sunkún, pé abiyamọ tó bá ń sunkún èyí tó lọ, èyí tó kù ló ń fi ẹkún pè. Mo ní kò tọ́. Wọ́n ní ìwé ló ń gùn mí.

Èmi ni èyí tó kù. Nítorí tèmi ni ìyá mi kò ṣe sunkún. Bàtà rọ́bà àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná títí dòní, àyíká rẹ̀ ló ń gbá, kì í ṣí i nípò. Nínú gbogbo ẹjọ́ tí mo ti rò láyé, èyí nìkan ni mi ò mọ ọ́fíìsì tí mo lè gbé e lọ.

Láti Sátidé yẹn, ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi ń kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí orin bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, á ní, "Ṣé ọmọ tó ń kọrin yìí ò ní uṣẹ́ lónìí ni?" Èmi náà ní kí nọ́ọ̀sì fi orin náà ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí orin náà ń ṣe fún àwọn méjèèjì. Àbúrò mi kò gbọ́ orin Japan rí, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Kí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní òpin ayé lọ́hùn-ún mọ̀ nípa wa?

Mo gbọ́ ọ bí ẹni ń wá àṣìṣe nínú ìwé ìdánwò. Ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí àwo tó ń fọ̀. Dùrù kan ń tẹ̀lé e, kò sáré ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, gbogbo orin náà á gbéra lẹ́ẹ̀kan, á fò sókè ju ibi tí ohùn rẹ̀ lè dé láìya, obìnrin náà á sì jẹ́ kó ya. Mo bi ara mi léèrè ohun tí orin tiwa ì bá ṣe níbẹ̀. Á ti bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́. Gbogbo orin tí àwọn ìyá ìjọ kọ fún ìyá mi lọ́dún yẹn ló ń kánjú dé ibi ọpẹ́. Etí mi kì í sì í sinmi lábẹ́ orin ìjọ, nítorí ohùn òyìnbó máa ń fa ọ̀rọ̀ Yorùbá sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Èyí nìkan ni mi ò rí nǹkan tí mo fẹ́ tún ṣe nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo jókòó ti nọ́ọ̀sì lẹ́yìnkùlé, a ní kí fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin náà. A retí ọ̀rọ̀ ńlá. Ife omi la bá níbẹ̀. Ẹnìkan ti lọ, ife tó fi mumi kẹ́yìn wà lórí tábìlì, ẹni tó kù kò sì tíì fọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ojú fóònù. "Àǹtí, ẹ má sọ fún Màmá."

"Kí ni kò ní sọ fún mi?" Ìyá mi ti wà lẹ́yìn wa. "Kí ni ọmọ yẹn ń sọ? Sọ ọ́."

Mo sọ ọ́ bó ṣe wà.

Ìyá mi wo bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Wọn ò fi ipá fọ ife náà fún un?"

"Kò sí níbẹ̀, Màámi."

"Ẹ tún un yí."

Orin bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti gbéra ni ìyá mi ti ké, igbe tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, tó ń bọ̀ láti inú egungun. Ìyá ìjọ kan tó ń kọjá lójú títì ló kọ́kọ́ sáré wọlé.

"Ẹ pa á mọ́ra! Àbí ẹ fẹ́ fi omijé pe òmíràn ni? Ẹ pa rédíò yẹn!"

Mo dìde, mo dúró sáàárín òun àti fóònù. "Mà, ẹ̀kúnwọ́ ẹjọ́ ni mo ní pẹ̀lú yín, láti ọdún tó kọjá. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ máa lọ."

"Wò ó, ọmọ yunifásítì yìí…"

"Ẹ jẹ́ kí orin parí," ni ìyá mi wí láàárín ẹkún. Ìyá ìjọ náà wò mí, ó wo ìyá mi. Ó jókòó. Nígbà tó yá, ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó ní èéfín ni, iná kankan kò sì sí nílé ìdáná.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi bi mí, "Níbo lẹ gbé e sí?"

"Ìgbólé."

"Mo mọ̀ pé Ìgbólé ni. Níbo ní Ìgbólé?" Kí n tó dáhùn, ó di ọwọ́ mi mú. "Bí nǹkan bá wá ṣe ọ́ ńkọ́?"

"Màámi, ẹkún tí ẹ ò sun nítorí mi ló ń ṣe mí."

A wọ takisí dé Ìfàkì. Ọ̀kadà ló ń lọ Ìgbólé láti ibẹ̀, ìyá mi kò sì ní gun ọ̀kadà mọ́ láyé, a bá fẹsẹ̀ rìn ín. Oórì náà wà lẹ́bàá oko kòkó bàbá mi. Mo yọ fóònù jáde, ó ní kí n fi sílẹ̀ ná. Ó wo oórì náà yíká. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ta ló ro ibí yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni."

"Kò ro ó. Àkọ́kọ́, gbòǹgbò èèkan ni wọ́n dá sílẹ̀, orí ewé ni wọ́n gé. Ìkejì, wo bí wọ́n ṣe da ulẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yìí, òjò ń wọ́ ọ lọ. Ìkẹta, ta ló gbé irú òkúta báyìí lé ọmọ lórí?"

Mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ tu èèkan láti gbòǹgbò. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé ó ń fi imú kọ orin náà, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tó débi tó ti ń gbéra, ohùn rẹ̀ kò dé e. Ó jẹ́ kó ya. Mo kúnlẹ̀ sápá kejì, mo ń tu tèmi. Mi ò rí nǹkan tí mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.