Fóònù Orí Pẹpẹ

Alágbàfọ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin. Kò sí ẹni pàtàkì kan ládùúgbò wa tí kò tíì lọ ṣòkòtò rẹ̀ rí, kò sì bẹ̀rù ìkankan nínú wọn. Ìgbì fóònù nìkan ló ń bà á lẹ́rù.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, ló dá a sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé ìgbì kan ń jáde lára fóònù bíi ti rédíò. Ó ní kò lágbára púpọ̀, àwọn onímọ̀ kò sì tíì rí i dájú pé ó ń pani lára, àmọ́ bí fóònù bá ṣe jìnnà sí ara tó ni èyí tó ń wọlé sára ṣe ń dín kù tó. Bí ọ̀rọ̀ bá máa pẹ́, kó tan sípíkà, kó má lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn.

Àmọ́ àbúrò mi kì í ṣe nǹkan níwọ̀n. Ó gbé fóònù lọ sórí pẹpẹ lódìkejì ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn háńgà, ó ń pariwo dáhùn láti ìdí tábìlì áyọ́ọ̀nù. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ògiri ò tún nílò etí.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lójú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn oníbàárà náà ń gbọ́. Wọ́n ń kí ọmọ, wọ́n ń béèrè ọkọ rẹ̀, wọ́n ń gbà á nímọ̀ràn. Ìdáhùn kan náà ló ń fún gbogbo wa, pé òun wà dáadáa. Ohùn rẹ̀ sì ń tín-ín-rín sí i. Àbúrò mi, tí kì í jó aṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jó kọ́là. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe ọmọ òun. Mo ní kó bi pẹpẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ pè. "Bàbá mi, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan."

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dúró de ṣẹ́ẹ̀tì, dá a lóhùn pé, "Sọ ọ́, ọmọ wa. A ń gbọ́."

Ọmọ ní òun kàn ní kí òun kí wa ni, ó sì gé e. Inú bí mi débi pé abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́.

Àbúrò mi gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ó mú fóònù lórí pẹpẹ, ó pa sípíkà, ó gba ẹ̀yìn jáde sáàárín aṣọ tí a sá, ó pe ọmọ padà. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ojú ò tì mí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lẹ fóònù mọ́ etí, bí ìgbà tí wọ́n rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. N kò gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ. Àmọ́ ariwo ti mọ́ bàbá rẹ̀ lára, mo gbọ́ tirẹ̀.

"Máa bọ̀ nílé, ìyá mi. Yàrá ẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀."

Ó fa aṣọ ìrọ̀rí oníbàárà kan, ó fi nu ojú. A ó tún un fọ̀. Ọmọ á ti béèrè nǹkan kan, torí ó tún fèsì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, orí pẹpẹ ló wà. Ó jìnnà sí mi dáadáa."