Kànmí Wẹ́dà àti Aago Mẹ́rin Ṣàgámù

Kànmí Adéògún ń gbé ní basement ilé ọmọ mi Serifat, ní Cornerstone, ní Calgary, ní Kánádà. Èmi àti Serifat ń gbé lókè. Wẹ́dà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ Rodiyat ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwé tí ìyàwó ń kà yìí ló sì fi rí work permit, ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́, gbà. Work permit náà yóò parí ní ìparí oṣù kẹwàá. Bí PR, ìyẹn ìwé tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa gbé Kánádà títí, kò bá tíì jáde nígbà náà, wọn yóò di ẹrù wọn, wọn yóò padà sílé.

Ọ̀nà oníṣẹ́ ọwọ́ ni Kànmí gbà wá PR. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀ Alberta pé ó mọ iṣẹ́ wẹ́dà. Ó ṣe test Gẹ̀ẹ́sì, ó yege. Ó ṣe test orí ìwé, ó yege. Ó ku test ọwọ́.

Bí test ọwọ́ ṣe rí nìyí. Wọ́n á fún ọ ní irin pẹlẹbẹ méjì, wàá jó wọn pọ̀. Wọ́n á gé e sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí orí rẹ̀ méjèèjì yóò fi kọjú síra. Bí ojú ibi tí o jó bá là, o ò yege. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣe é ní oṣù kọkànlá. Irin là. Ó tún un ṣe ní oṣù kìíní. Irin là. Wọ́n fún un ní ọjọ́ kẹta: Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì. Bí èyí náà bá bọ́, kò sí àyè mọ́ kí work permit tó parí.

Rodiyat kò fi í rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi ọ̀rọ̀ gún un. Mo gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn.

"Wẹ́dà tí irin ò gbọ́ tirẹ̀. Ṣé kí n ra gọ́ọ̀mù wá fún ẹ ni?"

"Rodi, jọ̀ọ́."

"Mo kàn ń bi ẹ́ ni. Wọ́n ń ta gọ́ọ̀mù tó lágbára ní Dollarama."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé test kejì, ní ọ̀sán, Kànmí gbé irin náà wá bá mi lókè nínú ọ̀rá. Ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ó dà wọ́n sórí tábìlì ìdáná.

"Kànmí, please, kì í ṣe orí tábìlì mi," ni Serifat sọ. Ó ń fọ abọ́.

"Ẹ má bínú, Sister. Bàbá ni mo fẹ́ kó wò ó."

Káfíńtà ni èmi. Ọmọọṣẹ́ mẹ́tàlélógún ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mi ò mọ irin, ṣùgbọ́n mo mọ ìwọ̀n. Mo to irin náà padà bó ṣe wà kí wọ́n tó gé e. Ínǹṣì mẹ́jọ ni gígùn rẹ̀. Ibi tó là wà ní ínǹṣì mẹ́rin. Mo to ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ínǹṣì mẹ́rin.

Mo bi í pé, "Èyí tí ò ń ṣe níbi iṣẹ́, ṣé ó ń là?"

"Kì í là, Bàbá. Àfi ti òwúrọ̀."

"Òwúrọ̀ wo?"

"Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ọwọ́ mi kì í sí níbẹ̀."

"Níbo ló máa ń lọ?"

"Mò ń rí i. Ó wà lára mi. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n lára." Ó na ọwọ́ ọ̀tún sórí tábìlì bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ẹlòmíràn hàn mí. "Fọ́ọ̀màn ti mọ̀. Ó máa ń ní kí n kàn máa ha irin títí di mẹ́wàá. Ten O'Clock ni wọ́n ń pè mí."

"Nígbà ooru ńkọ́?"

Ó ronú. "Nígbà ooru, aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ni. Eleven O'Clock ni wọ́n ń pè mí nígbà yẹn."

"Ní Èkó ńkọ́, kó o tó wá síbí?"

"Ní Àpápá, ìrọ̀lẹ́ ni. Mẹ́rin sí mẹ́fà. Mo rò pé ó rẹ̀ mí ni."

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé kan. Mẹ́jọ ibí nígbà òtútù jẹ́ mẹ́rin Nàìjíríà. Mẹ́sàn-án ibí nígbà ooru jẹ́ mẹ́rin Nàìjíríà. Mẹ́rin Àpápá jẹ́ mẹ́rin.

"Aago kan náà ni," ni mo wí. "Kò yí rí. Àwọn ará ibí ló ń sún aago tiwọn nígbà ooru."

Serifat pa ẹ̀rọ omi.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ ní aago mẹ́rin?"

Ohun tó sọ nìyí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n fà á lé Alájì Oyètúndé lọ́wọ́ ní Ṣàgámù láti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Ó lo ọdún mẹ́rin. Ó lo ọdún kan sí i, ó ń dúró de fírídọ́ọ̀mù. Ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù ni ọ̀gá ń gbé ọwọ́ lé ọmọọṣẹ́ lórí, tí yóò gbàdúrà fún un, tí yóò ní kó máa lọ. Ẹni tí kò bá gbà á, bó tilẹ̀ mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, ọmọọṣẹ́ ni. Alájì sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àpápá wá ní kí Kànmí wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, Alájì ń lọ kírun Àlàásárì. Ó ní, "Kànmí, bá mi parí géètì yẹn kí n tó dé." Kànmí jó o dé ìdajì. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ó gbé e kọ́ ìṣó, ó gbé báàgì, ó gba gáréèjì lọ. Aago mẹ́rin ni. Ó di ọdún mẹ́tàlá. Kò pe Alájì rí.

"Ìdajì?" ni mo bi í.

"Ìdajì géérégé, Bàbá."

Mo wo irin orí tábìlì. Òun náà wò ó. Serifat gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde kúrò ní ìdáná.

"Alájì ṣì wà láyé?"

"Mi ò mọ̀. Ojú ń tì mí láti béèrè."

"Béèrè."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó rí nọ́ńbà. Ti ọmọ Alájì obìnrin ni, Yéjídé. A pè é ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù kejì, ní aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, nínú basement. Kànmí ti sọ níbi iṣẹ́ pé òun máa pẹ́. Rodiyat ti wọ train lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òtútù ọjọ́ náà jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo. Kùrukùru bo fèrèsé kékeré tó wà lókè ògiri. Èèyàn kò gbúròó mọ́tò kankan.

Yéjídé gbé e ní fídíò. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Kànmí ni. Ọmọọṣẹ́ Dádì."

Ó wò ó pẹ́. Ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó tún wo fóònù.

"Brother Kànmí. Níbo lẹ wà báyìí?"

"Kánádà."

"Ó dá yín lójú?"

Kò dúró de ìdáhùn. Ó yí fóònù sí bàbá rẹ̀. Alájì jókòó sórí àga onígi, igi ìtìlẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù kan lódìkejì àgbàlá. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun.

"Dádì, Kànmí ló wà lórí fóònù."

"Irọ́ ni," ni Alájì wí. "Kànmí ò tíì dé. Aago mẹ́rin ò tíì lù."

Kànmí dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Yéjídé gbé fóònù sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ẹ má bínú. Ohun tí wọ́n máa ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwa náà máa ń gbọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ ń gbọ́ kí ni?"

"Ẹ káàárọ̀ níbẹ̀ yẹn, sà. Ìró wẹ́dà ni. Láti aago mẹ́rin títí di aago mẹ́fà. Ó di ọdún mẹ́ta tí a ti já iná ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ̀rọ wẹ́dà gan-an, a ti tà á."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò wọ ibẹ̀ rí ní aago mẹ́rin, sà."

"Géètì ló ń ṣe," ni Alájì wí láti orí àga. "Kì í parí."

Mo gba fóònù. Mo kí i. Mo ní káfíńtà ni mí, ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ní ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wà níwájú mi, ó jẹ̀bi, ó fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù.

"Ẹ̀yin ti fún ọmọọṣẹ́ ní fírídọ́ọ̀mù rí?"

"Mẹ́tàlélógún."

"Ṣé ẹ gbé ọwọ́ lé wọn lórí?"

"Gbogbo wọn."

"Ẹ wá kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé ọwọ́ lé orí ẹni tó wà nínú fóònù."

Mo gbé fóònù kọjú sí Kànmí.

Kànmí gbé orí sókè. "Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí. Mo fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní ìdajì."

"Ìwọ lo fi sílẹ̀, ìwọ náà lò ń ṣe é. Báwo ni mo ṣe máa bínú sí ẹni tó ń wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́? Ọjọ́ Àìkú gan-an, ó ń wá." Alájì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọọṣẹ́ tí kì í gba owó oúnjẹ."

Aago ara ògiri basement lu mẹ́jọ. Yéjídé sọ pé, "Ó ti tó."

Iná búlúù tàn nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i nínú fóònù, lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Ìró rẹ̀ dà bí òróró tó ń dín nǹkan. Kànmí di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú.

"Ó ti lọ, Bàbá."

Mo fọwọ́ kan ọwọ́ náà. Ó tutù bí irin tí wọ́n gbé wọlé láti inú snow.

Alájì dìde. Ó ní kí Yéjídé dúró síbi tó wà, kó gbé fóònù dání. Ó fi igi ìtìlẹ̀ rìn kọjá àgbàlá. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún ni. Ó wọlé. Iná náà dúró, kò kú, kò sì gbọ̀n mọ́. A ò rí ẹnikẹ́ni. Ohùn Alájì nìkan la gbọ́, ó ń gbàdúrà.

Kànmí wà lórí ìkúnlẹ̀. Fìlà òwú wà lórí rẹ̀ nítorí òtútù basement. Mo ti sún sẹ́yìn, mo jìnnà sí i ní ìwọ̀n apá méjì. Mo rí i tí fìlà náà tẹ̀ wọlẹ̀ láàárín. Ìka mẹ́rin àti àtàǹpàkò hàn lójú òwú náà. Ó wà bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àdúrà náà fi ń lọ. Kànmí kò mira. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Alájì ṣe àmín. Fìlà náà gbéra.

Iná tàn sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó wá kú. Alájì jáde. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wo ojú Kànmí dáadáa, bí ẹni tó ń fi ẹnì kan wé ẹlòmíràn.

"O ti sanra díẹ̀," ló wí. "Ó ti parí géètì. Máa lọ, Kànmí."

Kànmí ṣí ọwọ́, ó pa á dé. "Mo mọ̀ ọ́n lára báyìí," ló sọ fún mi. Ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Yéjídé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ṣí ṣọ́ọ̀bù náà ní òwúrọ̀. Kò sí géètì kankan níbẹ̀. Ọmọọṣẹ́ mìíràn ló parí géètì ọjọ́sí, wọ́n sì ti gbé e lọ láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Eruku ló wà nílẹ̀. Ipasẹ̀ Alájì wọlé, ó jáde. Ipasẹ̀ mìíràn jáde, kò wọlé.

Ní Ọjọ́rú a jọ wọ bọ́ọ̀sì àti train lọ síbi test. Wọ́n ní kí n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ. Mo wo aago mi títí. Ní mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, Kànmí jáde. Ó kó irin tí wọ́n ti tẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo fi èékánná wọ́ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò há síbì kankan. Ó yege.

PR jáde ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án. Rodiyat ka lẹ́tà náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Wẹ́dà Kánádà," ló wí. "Mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù."

Ó ní kí wọ́n lọ kí àwọn ará ilé ní oṣù Kejìlá, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n lè lọ, wọ́n sì lè bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Kànmí gòkè wá bá mi.

"Wàá lọ kí Alájì," ni mo wí.

"Màá lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni. Tó bá fi máa di aago mẹ́ta, màá ti kúrò ní Ṣàgámù. Mi ò fẹ́ kí aago mẹ́rin bá mi níbẹ̀."

"Yéjídé ní wọn ò gbọ́ ìró mọ́."

"Wọn ò gbọ́ ọ mọ́." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ ń yọrí láti òwúrọ̀ báyìí. Ó ń yọrí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà míì, ọwọ́ mi máa ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó ní kó bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé ó ń ṣe é dáadáa?"

"Ó ń ṣe é bí Alájì ṣe kọ́ mi."

"Jẹ́ kó máa ṣe é."

Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti bá awakọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Ṣàgámù sọ̀rọ̀, ó sì ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé aago mẹ́ta ni wọn yóò kúrò, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́.