Ibi Tí Ìyá Àgbà Jókòó Nínú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn epo bẹntiróòlù ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá mi ti wọlé. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ni ó fi ń kó àwọn àgbẹ̀ sọdá omi dáàmù tí kò jìnnà sí Ìjàn-Èkìtì, níbi tí à ń gbé nígbà náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí bí epo ṣe máa ń wọ́n láyé ìgbà yẹn: kì í ṣe pé owó rẹ̀ pọ̀, kò kàn sí ni. Bàbá á ti lọ to kẹ́ẹ̀gì sílé epo láti àárọ̀, á sì gbé àbọ̀ kẹ́ẹ̀gì padà wálé nírọ̀lẹ́.

Nítorí náà, bí a ṣe ń ṣọ́ epo lò la kọ́kọ́ kọ́ nílé wa. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á da ọkọ̀ náà dojú délẹ̀ létí omi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Mọ́níkà á sì fi kànrìnkànrìn àti iyanrìn ha èérí aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, títí ọwọ́ wa á fi máa yún wa. Bàbá ní ọkọ̀ tó bá dọ̀tí nídìí, ńṣe ló ń wọ́ omi tẹ̀lé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá á fún wa ní iṣu sísun àti epo pupa. Iṣẹ́ mi nínú ọkọ̀ ni kí n máa fi agolo mìlíìkì gbọ́n omi tó bá wọlé. Bí mo bá gbàgbé, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì sókè. "Omi inú ọkọ̀ náà ń mu epo," ni Bàbá máa ń wí, bí ẹni pé omi ní ẹnu.

Ìjókòó ló le jù. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, imú ọkọ̀ á gbé sókè, ẹ́ńjìnnì á máa kérora, epo á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àgbà Èkìtì pé kó kúrò lẹ́yìn? Nínú mọ́tò, ẹ̀yìn ni ọ̀gá ń jókòó sí. Gbogbo àgbà tó bá wọ ọkọ̀ bàbá mi, ẹ̀yìn ló ń gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi sọ iwájú di ibi iṣu. Iṣu kì í bínú.

Lọ́jọ́ kan tí epo wọ́n gan-an, ìròyìn dé pé ara àbúrò mi Káyọ̀dé, tó ṣì wà lẹ́nu ọmú, gbóná bí iná. Màmá ti gbé e lọ sí oko ìyá rẹ̀ ní òdìkejì omi, kò sì sí ilé ìwòsàn níbẹ̀. Bàbá wo inú táńkì, ó mi orí, ó ní kí n gbé agolo mi. Epo náà tó àlọ àti àbọ̀, kò sí èyí tí a lè fi ṣòfò. Àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn fún àjẹ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, ìyá àgbà, ìyá màmá mi, ní òun ń bá wa lọ. Obìnrin gíga ni, ó sì sanra. Ó bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fẹ̀gbẹ́ ti Màmá àti ọmọ. Bí a ṣe ṣí báyìí, imú ọkọ̀ gbé sókè, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí kérora, a kò sì rìn dáadáa. Mo rí Bàbá tó ń wo táńkì, tó wo àna rẹ̀, tó tún wo táńkì. Lójijì, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹkún Káyọ̀dé nìkan la ń gbọ́, ẹkún tó ti ń rẹlẹ̀.

"Bàbá Mọ́níkà, kí ló dé? Ṣé orí omi la ó sùn ni?" ni ìyá àgbà wí.

"Màmá, ẹ má bínú. Bí a ṣe ń lọ yìí, epo yìí kò ní gbé wa délé. Bí ẹ bá lè bá wa sún síwájú, yóò tó."

"Iwájú wo? Níbi tí ò ń kó iṣu sí?"

"Ibẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa o. O gba ọmọ lọ́wọ́ mi tán, iṣu ló wá kù tí o fẹ́ sọ mí dà."

Màmá mi ń wo omi. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀. Kò sí àyè láti dọ̀bálẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú omi tí mi ò tíì gbọ́n tán. "Màmá, ẹ̀yin lẹ fún mi ní ìyá ọmọ yìí. Mi ò tó ẹni tí í gbé yín dìde. Ọmọ yìí ló ń bẹ̀ yín."

Ìyá àgbà fọwọ́ kan iwájú orí Káyọ̀dé. Ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sán ìró rẹ̀ le, ó di etí ọkọ̀ mú, ó sì fi orúnkún rìn lọ síwájú, òun tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Bó bá jẹ́ iṣu ló máa gbé ọmọ mi délé," ó wí láìbojú wẹ̀yìn, "ẹ dì mí dáadáa."

Imú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Bàbá tan ẹ́ńjìnnì padà, kò sì jẹ́ kó sáré dé òpin. Ìkérora yẹn dá, ó wá ń kùn jẹ́jẹ́ bí oyin. Nígbà tí a gúnlẹ̀, epo tó kù nídìí táńkì kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ Màmá. Ó yè.

Láti ọjọ́ náà, iwájú ni ìyá àgbà ń gbà. Bó bá bá ẹlòmíràn níbẹ̀, á ní, "Dìde, ibi àgbà nìyẹn." Kò pẹ́ tí àwọn ìyá pàtàkì nílùú fi ń bá ara wọn du ibi iṣu.

Lónìí, epo wà, owó rẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́ sétí. Kì í ṣe gbogbo nǹkan àtijọ́ ló dára. Mi ò gbàdúrà kí ìyá kankan tún gbé ọmọ oníbà sọdá omi. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, a máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń tẹ́tí sí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ á jẹ́ kó máa ké, wọ́n á sì máa bú àwọn elépo.

Láìpẹ́ yìí, Káyọ̀dé, tí irun funfun ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀, mú mi wá láti Adó kí a lọ wo oko ìyá àgbà. Létí omi, awakọ̀ nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Mọ́mì, ẹ máa bọ̀ níbí, ibí ló máa tù yín lára." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sán ìró mi, mo di etí ọkọ̀ mú, mo sì lọ jókòó síwájú, láàárín ẹrù. Káyọ̀dé, tí kò lè rántí ọjọ́ náà, béèrè pé kí ló gbé mi débẹ̀.

Mo ní kó dákẹ́, kó gbọ́ ẹ́ńjìnnì.