Ọwọ́ Pupa ní Oko Opó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí mo ń bá ìjọba bójú tó ọ̀rọ̀ oko ní Kàbà, "Akọ̀wé Ewé" ni wọ́n ń pè mí. N kò bínú. Ta ló tún ń ṣiṣẹ́ ìjọba nítorí pé ó ń wo ewé?

Lọ́dún kan, ewé àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyẹ̀fun pupa, bí ìpáàrà ara ọkọ́ àtijọ́. Bí o bá gba àárín oko kọjá, ṣòkòtò rẹ á pọ́n bíi pé wọ́n fi osùn kùn ún. Àrùn tuntun ni, ara àgbàdo nìkan la sì ti mọ̀ ọ́n. Àfìgbà tí wọ́n pè mí sí oko opó kan lápá Odò-Àpé, pé ó ti wọ ẹ̀wà, ó ti wọ koríko etí ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ opó náà ló dúró dè mí.

"Aṣọ pupa la fi ń sin àgbà níbí," ó ní. "Ìyàwó àbúrò mi fi funfun sin ọkọ rẹ̀. Òkú náà ti ń wá aṣọ rẹ̀ kiri báyìí, gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn ló ń pọ́n. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òkú náà ni, obìnrin yìí á fi oko sílẹ̀ fún wa."

"Bàbá, ṣé òkú a tún máa ro oko ni?"

"Ìwọ tí ò ń ka ewé bí ìwé, kà á ká gbọ́!"

Opó náà kò rẹ́rìn-ín. Oko yẹn nìkan ló ní.

Mo já ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nílé, mo gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti koríko náà sínú ìkòkò. Mo fi ìyẹ̀fun ara ọ̀kan pa ewé èkejì, mo sì fi ti kálukú pa irú tirẹ̀. Mo fi àpò tí mo rẹ sómi bò wọ́n mọ́jú. Láàárọ̀, kí n tó ṣí i, mo kọ́kọ́ húkọ́, bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá àgbàlagbà.

Nígbà tó yá, ti àgbàdo ran àgbàdo, ti ẹ̀wà ran ẹ̀wà, ti koríko ran koríko. Kò sí èyí tó ran òmíràn. Wọ́n kàn jọra ni.

Mo fi ayọ̀ padà lọ. "Bàbá, kì í ṣe ọwọ́ kan náà o. Ti ẹ̀wà kò lè ṣe àgbàdo ní nǹkan kan. Ọ̀tọ̀ ni ti koríko."

Bàbá wo oko náà títí, ó rọra sún sẹ́yìn kúrò létí ebè.

"Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó ti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá nìyẹn." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀. "Kí obìnrin máa mú oko rẹ̀ o. Ta ni yóò wọ irú èyí?"

Bí oko ṣe di ti opó náà nìyẹn. Mo rò pé yóò bá mi fi bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó sìn mí dé etí ọ̀nà, ó fi ìka kan ewé àgbàdo, ó fi òmíràn kan ewé ẹ̀wà, ó wo pupa orí ìka méjèèjì.

"Akọ̀wé, o ní wọn kì í ṣe ẹnì kan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Èwo nínú wọn wá ni ọkọ tèmi?"

Ó yíjú padà sínú oko, ó ń kí àwọn ewé náà bí ará Kàbà ṣe ń kí ènìyàn, bó ṣe ń kọjá lọ: "Okun o. Okun o." Ó sì ń dúró díẹ̀ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè gbọ́ èyí tí yóò dá a lóhùn.