Ẹni Tó Ń Kà Kì Í Dáhùn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múídì, lẹ́yìn Allen Avenue ní Ìkẹjà, mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Mo rò pé wọn ò gbọ́ ni. Mo kúnlẹ̀, mo tún kí wọn. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Fáànù kan wà níwájú wọn tí mọ́tò inú rẹ̀ ti jóná. Wọ́n ti yọ wáyà tó jóná kúrò, wọ́n wá ń wé wáyà kọ́pà tuntun tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń yí ẹ̀rọ onípákó kékeré kan, ọwọ́ òsì ń tọ́ wáyà sọ́nà, ètè wọn ń mì. Orúkún ti ń ro mí kí wọ́n tó dáwọ́ dúró.

Wọ́n ní, "Irinwó. Ìdì wáyà kan, irinwó ìyípo ni. Tó bá dín, fáànù á máa gbóná. Tó bá lé, kò ní fẹ́ atẹ́gùn. Ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, orí nìkan ló kù tó lè kà. Nítorí náà, tí o bá ń kà, bí Kábíyèsí bá wọlé, má dáhùn. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe mí bákan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá sí Agége, ohun tí wọ́n sì fi tọ́ mi ni pé ẹni tí kò mọ èèyàn kí, kò sí ohun tó mọ̀.

Iṣẹ́ náà wù mí. Fáànù tí ẹlòmíràn fẹ́ gbé sọ sínú gọ́tà, a ó tú u, a ó wé e, a ó sì dá a padà fún olówó rẹ̀ kó lè rí oorun sùn nígbà ooru. Àwọn kan máa ń dáná sun wáyà tó ti bàjẹ́ kó lè tètè bọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wà lẹ́yìn wa, Ọ̀gá ò sì fẹ́ kí èéfín náà bá àwọn ọmọ. Ẹ̀mú ni a fi ń gé e, díẹ̀díẹ̀, a ó sì ta kọ́pà náà fún àwọn tó ń yọ́ ọ. Bí oníbàárà bá ní òun kúkú fẹ́ ju fáànù òun nù, Ọ̀gá á ní, "Ẹ gbé e wá jàre. Ààtàn Èkó ti yó."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe màgòmágó. Òǹkà dà rú mọ́ mi lójú, mo fojú bu ìyókù. Fáànù ńlá tí oníbúrẹ́dì kan ní Agége fi ń fẹ́ búrẹ́dì rẹ̀ ni. Kò lò ó tó wákàtí kan tó fi ń rú èéfín. Ó rù ú padà lórí, ó wò mí, ó ní, "Ìdáyà, búrẹ́dì ni mo fẹ́ yan, n ò sọ pé ẹ bá mi yan fáànù." Ọ̀gá ní kí n tú ìdì wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú rẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ení. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kà kọjá igba, mo máa ń dijú, nítorí ohun tí ojú bá rí ni ọkàn ń bá lọ.

Wàsíù ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìkẹjà, ọmọ Ìjẹ̀bú. Fáànù ọ́fíìsì wọn ló gbé wá. Bó bá dé tí mo ń kà, á dúró lẹ́nu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀ títí màá fi lajú. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó, ìyá ò sọ ọjọ́ tí àwọn máa wá wò mí. Bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n fẹ́ rí ọmọ nínú aṣọ iṣẹ́, kì í ṣe nínú aṣọ ìkínni.

Ọ̀gá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ti ka ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́rin nígbà tí ohùn obìnrin kan ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o," pẹ̀lú "u" tí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú ń fi pè é. Mo lajú. Mo rí ìyá kan tí n kò mọ̀ rí, gèlè wọn dúró dáadáa. Ogún péré ló kù. Mo wò wọ́n, mo sì dijú.

Nígbà tí mo pé irinwó, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti lajú, ẹnu mi ti ń sọ pé "Ẹ ṣé, mà, ẹ má bínú." Kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà.

Ìrọ̀lẹ́ ni Wàsíù dé. Ó ní, "Ìyá mi wá síbí. Wọ́n ní o rí àwọn, o sì dijú."

"Wàsíù, mo ń kà ni."

"Mo mọ̀," ló wí. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.

Ọ̀gá mú mi lọ bẹ̀ wọ́n. A jókòó sí pálọ̀ wọn títí, wọ́n gbé omi fún wa, ṣùgbọ́n ìyá ò jáde. Nígbẹ̀yìn, wọ́n rán ọmọ ọ̀dọ̀ kan láti inú yàrá: "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn náà ti dijú." Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi, ẹkún ni mo sun délé. Wàsíù wá lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò wá mọ́. Lọ́dún kejì, mo gbọ́ pé ó ti gbé ìyàwó.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ọ̀gá ti kú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Dopemu, níbi tí wọ́n ti sọ mí ní Sísì Adijú. Àwọn ọkùnrin mìíràn yọjú, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé gbólóhùn kan, "mo mọ̀." N kì í gbọ́ rédíò níbi iṣẹ́, torí òǹkà. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ pé n kì í dáhùn, nítorí náà wọ́n ń kọjá wẹ́rẹ́, kódà nígbà tí n kò ka nǹkan kan. Èyí dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí mo bá ń lọ sílé, mo máa ń gbọ́ fáànù tí mo wé nínú yàrá àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọkọ, ìyàwó àti ọmọ. Mo mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èmi nìkan ni tèmi ń fẹ́.

Nígbà ooru tó kọjá, mo ti kà dé ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́rùn-ún nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú uṣẹ́ o."

Ohùn náà ti gbó, ṣùgbọ́n ohùn náà ni. Mo ju ìdì wáyà sílẹ̀. Wáyà tú ká, mo sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ káàbọ̀, mà."

Wọ́n ti di arúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Oníkẹ̀kẹ́ ló bá wọn gbé fáànù wọlé. Wọn ò dá mi mọ̀. Mo mú bébà, mo ní orúkọ wo ni kí n kọ. Wọ́n ní, "Kọ Ìyá Wàsíù."

Mo kọ ọ́. Mo ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́, mà?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni. Ó wà lókè òkun. Ìyàwó rẹ̀ mọ èèyàn kí nígbà náà! Ó kúnlẹ̀ títí orúkún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Láti Iléyá èṣí, kò pè mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ìwọ mọ èèyàn kí, ọmọ mi. Ọ̀kan wà tí Wàsíù kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́. Ó rí mi, ó dijú."

Mo ní, "Bóyá ó ń ka nǹkan ni, mà."

"Kí ló ń kà tó ju èèyàn lọ?"

Mo lẹ bébà náà mọ́ fáànù wọn. Wọ́n lọ, ọ̀rọ̀ náà sì bá mi délé.

Ọjọ́ kẹta ni mo ní kí wọ́n wá gbé e. Wọ́n tètè dé. Ìdì kẹjọ fáànù wọn ló wà lọ́wọ́ mi, mo ti kọjá igba, mo ti dijú. Mo gbọ́ ọ̀pá wọn lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀pá náà dúró. Mo retí ìkíni, n kò gbọ́ ọ. Mo rò pé wọ́n ti bínú lọ, ìyẹn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣe mí bíi kí n lajú, ṣùgbọ́n fáànù tiwọn ni, n kò fẹ́ kó jóná mọ́ wọn lórí. Mo ń kà lọ, omi ń bọ́ lójú mi.

Irinwó. Mo lajú.

Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà gan-an, wọ́n di òpó mú, wọ́n ń wo ojú mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi mọ̀. Ètè tiwọn náà ń mì bíi ti ẹni tó ń kà.

Wọ́n ní, "Ó pé?"

"Ó pé, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ kú uṣẹ́ o."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú sùúrù."