Kàfáyàt Kì í Bi Ọmọ Bóyá Ebi Ń Pa Á

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Kàfáyàt, ẹ sọ fún un pé oúnjẹ rẹ̀ ṣẹ́kù. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tó ti ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Dubai Investments Park, nínú ilé ìdáná ńlá kan tó jẹ́ ti Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà. Àwọn tó ń kọ́lé, àwọn tó ń ru ẹrù, àwọn tó ń gbálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Ará Ìkòròdú ni, ó ga, ohùn rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀, kò sì sí abọ́ kan tó jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ tó padà wálé pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó já a nírọ́.

Ìdí nìyí tí inú fi bí i ní Túsìdeè kan ní oṣù kejì ọdún yìí, tó fi wọ inú ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ, tó sì wá ká mi mọ́ ọ́fíìsì ní Sharjah.

"Àwọn tó ń dá oúnjẹ mi padà dà?" Mi ò tíì kí i tán o.

Èmi ni Bọ́láwùmí, akọ̀wé ilé-ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ní Sharjah. Ogóje ọmọ la ní, ọmọ àwọn èèyàn wa sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn òbí wọn kì í ṣe irú àwọn tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò Dubai. Ẹlòmíràn ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Al Barsha, ẹlòmíràn ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ olóúnjẹ kiri, ìdílé méjì sì lè wà nínú yàrá kan. A ní àwọn díẹ̀ tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ báńkì, àmọ́ wọn ò pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, kí Ọlọ́run bùkún un, ló ní òun máa fún àwọn ọmọ tí agbára òbí wọn ò gbé e ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí a kọ orúkọ wọn wá.

Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo mú bírò àti ìwé, mo ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, mo dúró níwájú, mo sì ń béèrè tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ta ni ebi máa ń pa níbí? Ta ni kì í gbé oúnjẹ wá láti ilé?" Èmi! Èmi tí wọ́n bí ní Ṣómólú, tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé! Ọwọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ló gòkè. Mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mo tò wọ́n sí tábìlì kan lọ́tọ̀ lẹ́bàá ògiri, mo sì rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Ní Mọ́ńdè tí oúnjẹ kọ́kọ́ dé, abọ́ mọ́kàndínlógún ló padà sí Dubai bó ṣe wá. Àwọn ọmọ tó kù ń wo àwọn ti tábìlì ògiri, àwọn ìyẹn ń wo ilẹ̀, wọ́n ń sọ pé, "Mo ti yó, mà."

Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Bọ́láwùmí, ṣé ebi ń pa àwọn ọmọ yìí àbí kò pa wọ́n? I no dey waste food o. Mo ń bọ̀ ní Thursday. Tí mo bá rí plate kan tó padà, khalas, ó parí nìyẹn, mo máa gbé e fún àwọn tó need ẹ̀."

Tọ́sìdeè ni ọ̀sẹ̀ ilé-ìwé máa ń parí ní Sharjah, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún wa. Mo mọ̀ dájú pé ebi ń pa wọ́n. Mo ti rí ọmọ tó sùn lọ lórí tábìlì ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ìṣirò wo ló fẹ́ wọ orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Àmọ́ bí mo ṣe máa fi han ọ̀gá ni mi ò mọ̀.

Kàfáyàt ò jókòó nígbà tó dé ní Túsìdeè yẹn. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun, ó fi ọwọ́ mú ìbàdí, ó ń wo àwọn ọmọ. Mo rò pé ó máa jágbe mọ́ wọn ni. Ó pẹ́ kó tó fi ẹnu júwe ọmọbìnrin kan fún mi.

"Ta nìyẹn?"

"Adétutù ni, ẹ̀gbọ́n. Kò sí lórí list. Ojoojúmọ́ ló máa ń gbé oúnjẹ wá."

"Wò ó dáadáa."

Mo wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ṣí ìdérí kúlà rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí inú rẹ̀. Ó ń ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ó ń gbé e sẹ́nu, ó sì ń jẹnu bí ẹni tó ń jẹun. Kò sí nǹkan kan lórí ṣíbí náà. Kúlà yẹn ṣófo. Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi? Ojú tì mí gan-an. Mo fẹ́ lọ bá a, Kàfáyàt fà mí lápá padà.

"Má dójú tì í," ó ní.

Inú ọ́fíìsì ló ti wá sọ fún mi pé òun náà ṣe irú rẹ̀ rí ní Ìkòròdú. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ọmọ tó bá ń sọ ebi rẹ̀ níta ti tú àṣírí ilé rẹ̀. Bí tíṣà bá bi í, á ní òun ti jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, á tún sọ irú ọbẹ̀ tí òun fi jẹ ẹ́. Omi ẹ̀rọ ló sì ń mu kiri.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ó ní. "Ẹ̀ṣọ́ tí ìyá wọn fún wọn ni àwọn ọmọ yìí kó wá. Ìwọ wá dúró níwájú gbogbo ayé, o ní kí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀. Ta ló ń bi ọmọ tí wọ́n kọ́ pé ṣé ebi ń pa á? Kí lo fẹ́ kó sọ?"

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ìyá ọ̀rẹ́ mi bá ní, "Ṣé o máa jẹun?", èmi náà á ní, "Rárá, mà, ẹ ṣé," itọ́ á sì máa dà lẹ́nu mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo di ẹni tó ń gbé káàdì kọ́rùn ni mo gbàgbé.

"Kí la máa wá ṣe, ẹ̀gbọ́n?"

"Gbogbo wọn ló máa jẹ. Ọmọ ọlọ́kọ̀, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà náà á jẹ."

Ibẹ̀ ló ti pe ọ̀gá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n máa gbọ́ ohùn wọn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n dáná fún gbogbo school ní Thursday."

"Gbogbo school kẹ̀? Àti àwọn tí bàbá wọn ń gun Lexus? Madam Kàfáyàt, tálákà ni mo sọ."

"Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n dán an wò. Tí plate kan bá padà, ẹ yọ mí nídìí ìkòkò, ẹ dá mi padà sí ibi tí mo ti ń fọ abọ́."

"Plate kan ṣoṣo o," ni ọ̀gá wí, ó sì pa fóònù.

Ibi ìfọbọ́ lóòótọ́ ni Kàfáyàt ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dé láti Èkó. Ó tó ọdún mẹ́fà kó tó kúrò níbẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ jù, ó ní kí n lọ tún àga tò.

Mo tún un tò, mo sì gbé tábìlì ògiri kúrò. Ní Tọ́sìdeè, mo ní kí gbogbo ọmọ fi kúlà wọn sílẹ̀ ní kíláàsì, èyí tó kún àti èyí tó ṣófo. Kàfáyàt dé pẹ̀lú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìyẹ àti dòdò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà ti jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ṣínà, ọmọ báńkà kan tí kúlà rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, ló kọ́kọ́ sáré dé iwájú. Kàfáyàt bu oúnjẹ fún un bó ṣe máa bù ú fún gbogbo wọn, ó ní kó lọ jókòó.

Ó wá kan Adétutù. Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ ṣé, mà. Mo ti jẹun nílé."

Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà yíjú sí wa. Kàfáyàt ò gbé ojú kúrò nínú ìkòkò.

"Mi ò bi ẹ́," ó ní. "Mo ní kí o gbà á ni. Gba plate ẹ, lọ jókòó ti Ṣínà, kí o jẹ ẹ́ tán. Yalla, ó yá."

Ẹ wo ọgbọ́n àgbà! Bí wọ́n bá bi ọmọ tí wọ́n kọ́, ó lè ní òun ò jẹ. Àmọ́ bí àgbà bá pàṣẹ, ibo ló fẹ́ gbà? Ẹ̀kọ́ ilé tó ti ń febi pa Adétutù, òun kan náà ló mú un gba abọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó lọ jókòó. Ó rọra gbé ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu. Ìkejì, kò rọra mọ́. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú mi.

Nígbà tí wọ́n kó abọ́ jọ, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà la jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Egungun adìyẹ nìkan ló kù, àwọn kan ò tilẹ̀ dá egungun sí. Ọ̀gá bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sún mọ́ Kàfáyàt.

"Ó dáa, mo ti rí i. But show me, àwọn wo gan-an ni tálákà nínú wọn? Mo kàn fẹ́ mọ̀ wọ́n."

Kàfáyàt nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀. "Gbogbo wọn ló wà níwájú yín yẹn, sà. Ẹ fúnra yín mú tálákà inú wọn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí wò wọ́n láti tábìlì dé tábìlì. Epo wà lẹ́nu gbogbo wọn, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí dòdò rẹ̀ pọ̀ jù. Adétutù wà láàárín wọn, ohùn tirẹ̀ ló tilẹ̀ ń ròkè jù. Ojú ọ̀gá kọjá lára rẹ̀, kò dúró. Ó wá na ìka sí ọmọkùnrin kan tó ń lá abọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ṣínà nìyẹn, sà. Bàbá ẹ̀ ló ń gun Lexus."

Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó tún wò wọ́n títí, lẹ́yìn náà ló ní kí Kàfáyàt máa dáná fún gbogbo ogóje ọmọ náà, láti Mọ́ńdè lọ. Kàfáyàt dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó wá yíjú sí mi.

"Ṣé o gbọ́?" ó ní. "Gbogbo wọn."